Ọba Tí Kì í Pàṣẹ ní Hyde Park

Òórùn eruku tó ń jóná lára irin ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. O mọ àwọn ilé àtijọ́ Hyde Park wọ̀nyẹn ní Ṣikágò, èyí tó jẹ́ pé irin gbígbóná abẹ́ fèrèsé ló ń mú yàrá móoru. Lọ́jọ́ tí onílé bá kọ́kọ́ tan iná rẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń wọlé bọ̀, gbogbo eruku tó ti sùn sí i lára láti ìgbà ooru ni yóò jóná pa pọ̀, irin á máa dún kò-kò-kò bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ilé á sì máa rùn bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí aṣọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, òórùn náà dà pọ̀ mọ́ ti dòdò tí ìyá wa ń dín, àti ti ìpara olóòórùn líle tí bàbá wa fi ń ra orúnkún. Títí dòní, bí irin yẹn bá ti kọ́kọ́ gbóná lọ́dún, ẹ̀rín á ti pa mí kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sílé wa. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá wa níbẹ̀, èmi àti ọkọ mi ní kí òun àti ìyá wa kúkú máa gbé lọ́dọ̀ wa. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Naperville tí kò jìnnà sí Ṣikágò, kọ̀ǹpútà ló ń bá ṣiṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, apòògùn ni, Toronto lòun wà ní Kánádà. Bàbá wa ní tirẹ̀, ọmọ ọba ni. Mi ò sọ pé ó ní ààfin o. Ìlú wa kéré, ìdílé tó ń jọba níbẹ̀ pọ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti kan ilé tiwa gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọba ni ọmọ ọba. Ó ti sọ fún dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ti sọ fún ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra iṣu. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa tiẹ̀ ti ń pè é ní "Prince", inú bàbá wa á sì máa dùn ṣìnkìn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Inú gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ti pẹ́ ní Kánádà, ó ti ṣe ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó sọni di ọmọ ìlú, ó sì ti yege. Ó kù kó lọ búra. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, tí ìka rẹ̀ náà kì í dúró, ló gbé e síbẹ̀: "Congratulations, ọmọ Canada!", tòun ti òdòdó àti bàlúùnù oríṣiríṣi. Bàbá wa béèrè pé ìbúra kí ni. Àbúrò mi, láìronú, wá ọ̀rọ̀ ìbúra náà jáde, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un: pé ẹni tó ń búra yóò jẹ́ olóòótọ́ sí Ọba Kánádà, àti sí àwọn àrólé tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. A rí i lójú fóònù pé bàbá wa ń kọ nǹkan, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Ohun tó jáde nígbẹ̀yìn ni: "Ọmọ ọba kì í búra fún ọba ẹlòmíràn." Ó da fóònù dojú dé sórí tábìlì, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.

O lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ni lọ́dọ̀ wa. Nílé tiwa, bí a bá dé ìlú ọba mìíràn, ọkùnrin wa kì í dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin wa kì í fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Orúnkún kan la fi ń kí wọn, a ó sì dìde. Láti kékeré ni bàbá wa ti fi kọ́ wa. Nǹkan mìíràn sì tún wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a tó gba òmìnira, wọ́n ti tò wọ́n sójú oòrùn rí, pẹ̀lú àsíá kékeré lọ́wọ́, láti kí ènìyàn ńlá kan láti Ìlú Ọba tó ń kọjá lọ. Wọ́n dúró títí òùngbẹ fi fẹ́ pa wọ́n, mọ́tò náà sì kọjá, kò dúró. Kò gbàgbé. "Àwa ti bá wọn parí ẹ̀," bó ṣe ń tẹnu mọ́ ọn fún ìyá wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn, "ọmọ mi wá ń sáré tẹ̀lé wọn."

Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò sáré tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá wa, páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tiwa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dúró de físà Amẹ́ríkà. Físà ò dé. Láti Toronto sí Ṣikágò, ọ̀nà tí èèyàn lè wa mọ́tò dé láàárín ọjọ́ kan ni, ṣùgbọ́n inú fóònù ló ti ń sunkún, èmi ni mò ń gbé fóònù sí bàbá wa létí lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí físà wá dé, bàbá wa ti ń rìn, físà náà sì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: bó bá ti wọlé tó sì jáde, ó tán nìyẹn, àfi kó tún lọ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá di ọmọ Kánádà, kò ní nílò físà kankan mọ́ láti wá wò wá. Ohun tó ń wá ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí Dádì ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní lọ búra. Mi ò lè lọ gba ìwé tí màá fi wá rí wọn, kí wọ́n má wá fẹ́ rí mi mọ́." Físà ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló lò láti wá bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn ló dé. Àbúrò mi ọkùnrin gbé e láti pápákọ̀ òfurufú, ó sì bá a wọlé tìtìjú-tìtìjú, nítorí òun ló da ilé rú. Àbíkẹ́yìn wa kúnlẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá wa ṣàdúrà fún un, ó béèrè ọkọ rẹ̀, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè bóyá òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó wá gbé ojú padà sí tẹlifíṣọ̀n. Kò dárúkọ ìbúra rárá. Lẹ́yìn tí a kírun Alaasari, ìyá wa gbé dòdò àti ẹyin sórí tábìlì, a jókòó yí i ká: bàbá wa lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá irin gbígbóná, àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ọmọ mi obìnrin tó wà ní háísúkù. Ìyá wa ò jókòó. Ó padà sídìí sítóòfù, ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì tó ṣí sílẹ̀ ló ń gbà bá wa dá sí i.

"Ọba tó o fẹ́ lọ búra fún yìí," bàbá wa bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ò ka ọ̀rọ̀ náà sí, "ìlú wo ló ń gbé?"

"Ìlú Ọba ni, Dádì."

"Ọba Kánádà ló ń gbé Ìlú Ọba?"

"Ó ní aṣojú ní Kánádà. Olórí ìjọba ló máa ń dárúkọ ẹni tó máa ṣe aṣojú, ọba á sì fi í jẹ."

"Ìyẹn ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń yan ẹni tó máa jókòó nípò ọ̀gá ẹ̀." Ó bu dòdò sẹ́nu. "Ẹ ń gbádùn lọ́hùn-ún o."

Àbíkẹ́yìn wa ò bínú. Ó ti kàwé fún ìdánwò yẹn débi pé ọkọ rẹ̀ ní ó ń sọ ọ́ lójú oorun. Ó fa àwo dòdò sún mọ́ra, ó ní ká gbà pé dòdò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnì kan tí àdúgbò kan dìbò yàn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì fi fọ́ọ̀kì pín wọn sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹgbẹ́ tí èèyàn rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ilé, olórí wọn ni aṣojú ọba sábà máa ń pè pé kó wá ṣe ìjọba. Gbogbo orílẹ̀-èdè kì í dìbò fún un bí àwa ṣe ń dìbò fún ààrẹ níbí. Inú ilé ìgbìmọ̀ náà ló ti jáde, ibẹ̀ náà ló ń jókòó sí, tí wọ́n á máa da ìbéèrè bò ó lójú gbogbo ayé.

"Wait, Auntie, so nobody votes for the president?" ọmọ mi béèrè.

"There's no president."

"That's so weird."

"Ọmọ yìí gbọ́n," ni bàbá wa wí. Ó wá kọjú sí àbíkẹ́yìn wa. "Bí olórí yìí bá wá ń ṣe ohun tí ò dáa ńkọ́? Ṣé wọ́n á máa wò ó títí ọdún ẹ̀ á fi pé ni?"

"Rárá, Dádì. Bí àwọn tó pọ̀ jù nínú ilé bá ti dìbò pé àwọn ò fọkàn tán an mọ́, ó parí. Yálà kí wọ́n tún ìbò dì, tàbí kí ẹlòmíì tí ilé fọkàn tán gba ipò ẹ̀." Ó ti dòdò bíi mélòó kan láti ọ̀tún sí òsì, ó sì ju ọ̀kan sẹ́nu. "Ó ti ṣubú nìyẹn."

Bàbá wa tẹjú mọ́ àwo náà. Mo mọ̀ pé ìyẹn wù ú. "A ò bá ní irú ẹ̀ nílé," ó wí, ojú rẹ̀ fẹ́ tú ká, àfi bó ṣe rántí pé òun ń bínú, ló bá tún fajú ro.

Àbíkẹ́yìn wa ń bá a lọ. Ó ní kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ni gbogbo àṣẹ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àti olórí ìjọba tirẹ̀, kódà wọ́n ní aṣojú ọba tiwọn lọ́tọ̀. Ilé ìwòsàn àti ilé ìwé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ológun, owó ìlú àti páásípọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ńlá ló pín in bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kọjá ààyè ẹ̀.

"Bíi Naperville," ìyá wa ké láti kíṣìnnì.

Ẹ̀rín pa wá. Bàbá wa ti pàṣẹ rí pé kí gbogbo ọmọ-ọmọ òun máa pa fóònù kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Àṣẹ náà múlẹ̀ ní Hyde Park. Nígbà tó dé Naperville, àwọn ọmọ àbúrò mi ní àwọn ò gbọ́ nípa rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì fi ọ̀wọ̀ ńlá sọ fún bàbá wa pé àwọn ní ètò tiwọn nílé àwọn. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Bàbá wa nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ó ní. "Àwọn kan ń ṣòfin, ẹnì kan ń ṣe ìjọba, àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn. Ọba fúnra ẹ̀, kí ló wá ń ṣe?"

"Ó ń fọwọ́ sí òfin. Tí ilé ìgbìmọ̀ tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun tàbí aṣojú ẹ̀ á jókòó sórí ìtẹ́, á kàwé síta: ìjọba mi á ṣe báyìí, ìjọba mi á ṣe bọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ ọ́. Àwọn tó ń ṣe ìjọba ló kọ ọ́ fún un."

Bàbá wa fọwọ́ gbá tábìlì. "Ọba tí kì í pàṣẹ! Ọ̀rọ̀ tó ń sọ, wọ́n kọ ọ́ fún un! Ìwé tó ń fọwọ́ sí, àwọn kan ti parí ẹ̀ sẹ́yìn! Irú ọba wo nìyẹn?"

"Irú ẹ̀ ló jókòó sórí àga yẹn," ìyá wa wí, kò tiẹ̀ yíjú.

Ọ̀rẹ́ mi, fọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ gbogbo wa. Irin nìkan ló ń dún kò-kò-kò. Ṣé o rí i, òótọ́ ni, ohun tó mú un burú nìyẹn. Nílé wa, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kíṣìnnì ni wọ́n ti ń parí ọ̀rọ̀. Ilé tí a kọ́, ẹni tí wọ́n máa bá lọ fẹ́ ìyàwó, ìgbà tí àwọn méjèèjì máa wá sí Amẹ́ríkà, ìyá wa àti àwa ọmọ ló ń jókòó tì í. Bí a bá ti parí ẹ̀, ìyá wa á nu ọwọ́, á lọ bá a ní pálọ̀, á ní, "Alàájì, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níjọ́sí yẹn, mo rò ó, mo rí i pé bí ẹ ṣe wí i gan-an ló dáa jù." Bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan o. Bàbá wa á wúkọ́, á pe gbogbo ẹbí, á kéde rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà gígùn, a ó sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ronú jinlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Òun náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde rí, àfi lọ́jọ́ yẹn.

Mo rò pé ó máa dìde. Ó kàn ń wo fọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Bí ọba yẹn bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Lábẹ́ òfin, ó lè kọ̀, Dádì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ kí ó kọ̀ rí."

"Èmi náà lè kọ̀."

"Ẹ lè kọ̀," ni àbíkẹ́yìn wa wí. "Tí ẹ bá kọ̀, mi ò ní lọ. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe eré."

Bàbá wa wojú mi, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Kí wọ́n tó gbé ìwé náà wá bá a pé kó fọwọ́ sí i," ó ní, "ṣé wọ́n ń sọ fún un?"

"Wọ́n ń sọ fún un. Olórí ìjọba máa ń lọ bá aṣojú ọba, á ròyìn ohun tó ń lọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀, ó lè gbà wọ́n níyànjú, ó lè kìlọ̀."

"Ẹ wò ó!" Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọba tí kì í pàṣẹ, wọ́n ń ròyìn fún un. Èmi ńkọ́? Àlàájà ti mọ̀ pé o ṣe ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀. Ọmọ háísúkù yìí mọ̀. Èmi bàbá rẹ, orí fóònù ni mo ti rí i, láàárín bàlúùnù!"

Ó dùn mí wọnú eegun. A ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ń wá bí a ṣe máa ṣàlàyé ọba Kánádà fún un, kò sì sẹ́ni tó rò ó pé ọba ilé wa gan-an ni a ò kí. Àbíkẹ́yìn wa dìde láti orí àga, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ń wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́." Ìyá wa náà pa iná sítóòfù, ó jáde láti kíṣìnnì, ó ní, "Alàájì, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló yọ̀." Bàbá wa fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Nígbà tó kírun Màgàríbì tán, kò padà sídìí tábìlì. Ó dé fìlà, ó wọ jigí ìkàwé, ó jókòó sórí àga ńlá ní pálọ̀, ó nàró ṣánṣán. A tò síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Ẹ lọ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n sọ," ó ní, "kí ẹ gbé e wá. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

Háà! A sáré débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Ìyá wa ń pe ọ̀rọ̀ náà, àbíkẹ́yìn wa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpolówó kan tí ọmọ mi mú bọ̀ láti ilé ìwé. Àbúrò mi ní ká fi sí i pé wọ́n ti fagi lé òfin fóònù ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ìyá wa dìbò, èmi dìbò, ọmọ mi náà nawọ́, a lé e kúrò nínú ìjọba lójú ẹsẹ̀. "Ṣé ilé ìgbìmọ̀ ò tíì parí ni?" bàbá wa ké láti pálọ̀, mo sì gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀.

Ó kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. "Ìjọba mi fọwọ́ sí i kí ọmọ mi obìnrin lọ búra ní ìlú tó ń gbé. Kì í ṣe pé ọba ibẹ̀ ga ju ilé wa lọ. Kí ọ̀nà lè là ni, kí ó lè máa wá wò mí nígbàkúgbà tí ara mi bá..." Ó dúró níbẹ̀. Ó yọ jigí rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. "Ta ló kọ ibí yìí?" Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i gbàgàdà títí kan etí ìwé.

"Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan," ó ní. "Ẹ ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kìlọ̀. O ò gbọdọ̀ fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún aṣojú yẹn. Orúnkún kan."

Àbíkẹ́yìn wa wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Dádì, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ o. Ọwọ́ la máa ń nà sókè, lórí ìdúró."

"Lórí ìdúró?"

"Lórí ìdúró. Mo sì lè mú Al-Kurani lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí o ò ti tètè sọ bẹ́ẹ̀!" bàbá wa wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń rí ọmọ rẹ̀ lójú inú, tó wólẹ̀ síwájú ẹlòmíràn.

Orí ẹ̀rọ ayélujára ni ọmọ náà ti búra. A gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, bàbá wa wọ agbádá jókòó síwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n ń fi jẹ. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde fún orin orílẹ̀-èdè wọn, gbogbo wa dìde, òun jókòó. Ó ní ọba kì í dìde fún ọba.

Èmi ọmọ Amẹ́ríkà ni mí báyìí, mo máa ń tò ní ilé ìwé òpópónà wa láti dìbò yan ààrẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àbíkẹ́yìn wa fi dòdò ṣàlàyé lọ́jọ́ yẹn ló là mí lójú sí ilé tí mo gbé dàgbà. Mo ti máa ń rò pé à ń tan bàbá wa jẹ pẹ̀lú "ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níjọ́sí" yẹn, ó sì máa ń tì mí lójú díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tí gbogbo ilé ń torúkọ rẹ̀ ṣe nǹkan ni, ohun tó sì ń béèrè lọ́wọ́ wa kò ju pé ká jẹ́ kó gbọ́ kí ayé tó gbọ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sọ́ńdè ni àbíkẹ́yìn wa máa ń pè é láti ròyìn. Àbúrò mi ọkùnrin pàápàá, kò lè ra fìríìjì kó má kọ́kọ́ sọ fún un. Bàbá wa á gbọ́ tán, á ní, "Ó dáa, mo fọwọ́ sí i." Ìgbà mìíràn á ní, "Ẹ rọra," kíṣìnnì á sì tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lóòótọ́.

Nígbà tí òtútù tún dé, ikọ́ mú un. Kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní ilé ìwòsàn wa, mo sì ránṣẹ́ sí Toronto pé kó má dààmú. Ta ló gbọ́! Ọjọ́ kejì, mo wà ní yàrá rẹ̀ tí mò ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, ilẹ̀kùn ṣí, àbíkẹ́yìn wa wọlé tòun ti yìnyín lórí gèlè. Ó ti wa mọ́tò gba ẹnubodè Detroit, pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ aró tuntun nínú báàgì, wọ́n ò bi í ju pé níbo ló ń lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orúnkún méjèèjì.

Bàbá wa lajú, ó wò ó títí, ó gbìyànjú láti fajú ro. "Ta ló fún ọ láyè pé kí o wá?"

"Ẹ̀yin náà ni, Dádì," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."